Ṣé ilé ìwé ló ń pa ọgbọ́n ọmọ mi, àbí kí n yá owó gbé e lọ sí ti Lekki?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣómólú ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ó wà ní pírámárì 4. Ẹ̀yìn gbogbo nóòtù ẹ̀ kún fún àwòrán dánfó àti rédíò tí wọ́n tú palẹ̀, ṣùgbọ́n ipò 27 ló gbà nínú ọmọ 34, tíṣà ẹ̀ sì ń pè é ní olódo lójú gbogbo kíláàsì. Obìnrin kan tó wá ṣe sẹ́mínà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fún un ní tẹ́ẹ̀sì, ó ní ọmọ tó ń fi ọwọ́ àti ara kọ́ ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ọmọ ìwé, pé ilé ìwé tó ń ní kí ọmọ jókòó kó máa kọ́ nǹkan sórí yìí ló ń pa ọgbọ́n àtinúdá ẹ̀. Ó júwe ilé ìwé kan fún wa ní Lekki, owó ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin èyí tí mò ń san. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ṣé kí n yá owó?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì yá owó kankan, màmá. Ọ̀rọ̀ méjì ni obìnrin yẹn lọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, ọ̀kan ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, èkejì ní òótọ́ nínú, àmọ́ òótọ́ ọ̀hún ò sí níbi tó nawọ́ sí.

Èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni tẹ́ẹ̀sì yẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà níbí ní Yábàá, kò sì sí ọdún tí ẹnìkan ò ní mú u jáde látinú fóònù ẹ̀ fún mi. Wọ́n á ní ọmọ kan ń fi ojú kọ́ ẹ̀kọ́, òmíràn ń fi etí, òmíràn ń fi ọwọ́ àti ara, kí tíṣà wá mọ ti kálukú kó sì máa kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Neil Fleming, ará New Zealand kan, òun ló ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, VARK ni wọ́n ń pè é, 1992 ni òun àti ẹnìkejì ẹ̀ gbé e jáde. Ó dùn létí gan-an ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ òótọ́, ohun kan wà tó yẹ ká rí: ká kó àwọn olójú àti àwọn elétí jọ, ká fi àwòrán kọ́ ìdajì wọn, ká fi ẹnu kọ́ ìdajì yòókù, ká wá fún gbogbo wọn ní ìdánwò kan náà, kí olójú tí wọ́n fi àwòrán kọ́ ṣe dáadáa ju olójú tí wọ́n fi ẹnu kọ́ lọ, kí ti elétí sì rí bẹ́ẹ̀ láti apá tiẹ̀. Ní 2008 àwọn onímọ̀ ọpọlọ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, Harold Pashler ló ṣáájú wọn, yẹ gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ wò. Díẹ̀ báyìí ló tiẹ̀ dán an wò lọ́nà tó yẹ, mélòó kan nínú díẹ̀ ọ̀hún sì já ọ̀rọ̀ náà ní koro.

Ẹ má tìtorí ẹ̀ bú obìnrin yẹn o. Nígbà tí wọ́n bi àwọn tíṣà léèrè, tí wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2012, 93 nínú 100 tíṣà ní Ìlú Ọba ló gba nǹkan yìí gbọ́, ní Netherlands ó jẹ́ 96. Wọ́n tún máa ń fi orúkọ Howard Gardner ti Harvard tì í lẹ́yìn, ẹni tó sọ ní 1983 pé ọgbọ́n kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, àmọ́ Gardner fúnra ẹ̀ ti kọ ọ́ jáde pé ọ̀rọ̀ tòun yàtọ̀ sí èyí, kí wọ́n yéé pò wọ́n pọ̀.

Ohun tí à ń kọ́ ló máa ń sọ ọ̀nà tá a máa gbà kọ́ ọ. Ta ló fẹ́ fi etí kọ́ máàpù Èkó? Ta ló fẹ́ wo fọ́tò gángan títí tó fi máa gbọ́ ohun tó ń wí? Gèlè wíwé ńkọ́, ẹ wo fídíò ẹ̀ di ọ̀la, tí ẹ ò bá gbé aṣọ lé orí kó wọ́ lulẹ̀ nígbà bíi mélòó kan, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Bó ṣe rí fún gbogbo wa nìyẹn, olójú o, elétí o.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju owó lọ ni ibi tí irú orúkọ yẹn máa ń gbé ọmọ dé lọ́dọ̀ tiwa. Tí wọ́n bá ti lè ní ọwọ́ ni ti ọmọ yìí, kì í pẹ́ tí gbogbo ilé á fi jáwọ́ nínú ìwé ẹ̀, bàbá á ní ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ jàre, ọmọ náà á sì gbà pé ìwé ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Iṣẹ́ ọwọ́ ò burú, kí n má ṣi ẹnu sọ. Àmọ́ ẹ lọ bi àwọn mẹkáníìkì ní Ládípọ̀, mọ́tò tuntun wo ni wọ́n ń tún ṣe báyìí láì ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ jáde? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìwé kíkà ò tíì já gaara lẹ́nu ẹ̀, ìwé kíkà sí i ló nílò.

Ó yá, èkejì. Ṣé ilé ìwé ń pa ọgbọ́n àtinúdá? Ó ń pa á. Èmi ti rí i, ẹ̀yin náà ti rí i. Àmọ́ orí àkọ́sórí ni wọ́n máa ń di gbogbo ẹ̀bi náà lé, èmi ò sì gbà.

Ta ló kọ́ nǹkan sórí tó ọmọ awo? Ọdún gbọọrọ ló fi ń kọ́ ẹsẹ Ifá kó tó di pé wọ́n jẹ́ kó dá a fún èèyàn. Ọmọ àyàn náà ńkọ́, oríkì orílẹ̀ yìí, oríkì orílẹ̀ yẹn, òwe oríṣiríṣi, gbogbo ẹ̀ ti wà nílẹ̀ lórí ẹ̀ kó tó dá òde kan lọ. Ẹ tiẹ̀ wo fújì tó jẹ́ tiwa níbí. Inú wéré ló ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí mùsùlùmí sí sààrì nínú ààwẹ̀, àdúgbò ilé kéwú sì ni, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ Kùránì sórí ní súrà-súrà, pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ náà ni Síkírù Àyìndé Barrister ti wá, tí wọ́n bí ní 1948, wéré ló ń kọ láti kékeré, ó wá mú àpàlà, ó mú sákárà, ó fi kún un, ó sọ ọ́ di nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Tó bá jẹ́ pé àkọ́sórí ń pa ọgbọ́n ni, ó yẹ kí ti àwọn wọ̀nyí ti kú tipẹ́.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé ohun tí ọmọ àyàn kọ́ lánàá, ó máa lò ó lóde ní Sátidé, iwájú ẹni tó wá ṣe àríyá ló sì ti máa lò ó. Oríkì kan náà ni, àmọ́ èèyàn tó ń kì yàtọ̀, ìnáwó yàtọ̀, ọ̀rọ̀ tó ń lọ nílùú yàtọ̀, ó gbọ́dọ̀ tún un dá lójú ẹsẹ̀. Tó bá kì í bí ọ̀gá ẹ̀ ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, kò sẹ́ni tó máa náwó fún un. Ní kíláàsì ọmọ yín, ó kọ nǹkan látorí bọ́ọ̀dù ní Mọ́ńdè, ó kíráàmù ẹ̀, ó dà á padà sórí pépà níparí táàmù, tó bá sì fi ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ sọ ọ́ wọ́n lè fàgi lé e torí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wà nínú nóòtù. Ẹ ṣáà rántí òdòdó hibiscus tí gbogbo wa yà ní sáyẹ́ǹsì, tá a fa ìlà sí, tá a kọ orúkọ sí ẹnu ìlà. Èkó kún fún hibiscus, ó wà lára fẹ́ǹsì ilé ìwé mélòó kan gan-an. Ọmọ mélòó ni wọ́n ní kó lọ já a wá, kó tú u, kó ya èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀? Inú ìwé la ti dà á kọ.

Ibi tí àṣà yìí ti wá ò ṣókùnkùn. Ní 1862 Robert Lowe mú òfin kan wá ní England pé owó ìjọba tó máa kan ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, iye ọmọ tó bá yege níwájú ìnsípẹ́kítọ̀ nínú kíkà, kíkọ àti ìṣirò ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó san án. Òfin ẹ̀kọ́ 1882 gbé irú ètò owó-lórí-èsì yẹn dé ọ̀dọ̀ tiwa l'Ékòó. Ẹ fi ara yín sípò tíṣà ìgbà náà: ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀, owó oṣù yín wà lẹ́nu àwọn ọmọ yìí, ṣé ẹ máa wá fi odindi ọ̀sán kan sílẹ̀ kí wọ́n máa béèrè ìdí tí ọ̀sà fi ń kún? England ti pa ètò ọ̀hún tì kó tó di 1900. Àwa la ṣì ń ṣe é, ó kàn jẹ́ pé òbí ló wá ń sanwó dípò ìjọba. Ẹ wo bánà ẹnu géètì láti Ṣómólú títí dé Báríga, fọ́tò ọmọ tó mókè nínú Common Entrance, fọ́tò èyí tó gba iye báyìí nínú 400 ní JAMB. Tí ilé ìwé kan bá wá gbé bánà kọ́ pé àwọn ọmọ wa bèèrè nǹkan méjìlá tí tíṣà ò lè dáhùn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ta ló máa mú ọmọ ẹ̀ lọ síbẹ̀? Àwa òbí la fẹ́ ohun tí wọ́n ń tà. Bí àpẹẹrẹ, pírámárì 5 ló máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ píríọ́dù yíyàwòrán àti orin kúrò, wọ́n á fi lẹ́sìnnì Common Entrance dí i, kò sí òbí tó máa jà. Wọ́n tiẹ̀ máa ń dúpẹ́.

Iṣẹ́ ìwádìí méjì wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tíṣà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Elizabeth Bonawitz àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé tiwọn jáde ní 2011. Wọ́n fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ohun ìṣeré kan tó lè ṣe nǹkan mẹ́rin. Fún àwọn kan, àgbàlagbà ní ẹ wò ó, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé, ó fa ibì kan, ó dún. Fún àwọn mìíràn, ó ṣe bí ẹni pé ó ṣèèṣì fà á ni. Àwọn tí wọ́n kọ́ tààrà, èyí tí wọ́n fi hàn wọ́n yẹn ni wọ́n dúró tì, wọn ò ṣeré tó àwọn yòókù, wọn ò sì rí nǹkan mẹ́ta tó kù tó bí àwọn yẹn ṣe rí i. Ọmọ ò ya dìndìnrìn o, ó rò ó ni: tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n bá ti fi ọ̀kan hàn mí, a jẹ́ pé òun náà ló wà níbẹ̀. Mi ò wá sọ pé kí tíṣà dákẹ́, ọmọ ò lè dá àtẹ ìsọdipúpọ̀ rí nínú afẹ́fẹ́. Àmọ́ tí gbogbo ọjọ́ bá jẹ́ ẹ wò ó, bó ṣe rí rèé, láti níọ́sìrì dé SS3, ẹ ti mọ irú ọmọ tó máa jáde.

Èkejì kan ẹ̀yin gan-an. Ní 1973 ni, ní níọ́sìrì kan ní Stanford, Mark Lepper àti àwọn méjì mìíràn mú àwọn ọmọ tó fẹ́ràn kí wọ́n máa fi máákà yàwòrán. Wọ́n sọ fún àwọn kan ṣáájú pé tí wọ́n bá yà, wọ́n máa gba sátífíkéètì tó ní ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n yà á, wọ́n gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nígbà tí kò sí sátífíkéètì kankan mọ́, àsìkò tí àwọn yẹn fi ń yàwòrán ò ju bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí wọ́n kàn fún lójijì lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán, ìfẹ́ tiwọn ò dín. Torí náà, màmá, àwòrán dánfó yẹn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèlérí súwíìtì lórí ẹ̀, ẹ sì má gbé e sórí status lójoojúmọ́. Ẹ bi í pé kí ló dé tí ẹnu ọ̀nà fi wà lápá ibí yìí, kí ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn ń pariwo. Ìyẹn tó.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi yé yín pé yúnífọ́ọ̀mù àti bẹ́ẹ̀lì ò lè bá ọgbọ́n gbé ilé kan. Aina Onabolu fúnra ẹ̀ ló kọ́ ara ẹ̀ ní àwòrán, ó ń dà á kọ látinú ìwé òyìnbó, ó lọ kàwé ní London, ó padà dé ní 1922, òun ló ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó níbí tó ń kọ́ ọmọ ní yíyàwòrán, nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ò gbà pé aláwọ̀ dúdú lè ṣe é. Òun ló tì í títí tí ìjọba fi mú Kenneth Murray, òyìnbó tíṣà àwòrán kan, wá ní 1927. Bruce Onobrakpeya náà, oníṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, St. Gregory's College ní Ọbáléndé ló ti ń kọ́ ọmọ láti 1963 títí dé 1980. Ilé ìwé oníyúnífọ́ọ̀mù ni, kò sí ọ̀rọ̀ ọmọ olójú ọmọ elétí níbẹ̀, àmọ́ tíṣà tó mọṣẹ́ wà, àkókò sì wà nínú taimtébù.

Ó ku ohun kan tí obìnrin yẹn ò bi yín: èdè wo lẹ̀ ń sọ nílé? Lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi, Yorùbá tó dán ni. Tí ọmọ bá ń sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n sì ń gba fáìnì lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ ọ́ ní kíláàsì, ó lè jókòó síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ láì la ẹnu, tíṣà á sì ní olódo ni. Ní 1970 Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bíi iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọn ò rẹ̀yìn, kódà wọ́n ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, tó fi mọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Ẹ wò ó lálẹ́ òní, ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó wà nínú rédíò tó tú. Tó bá ṣàlàyé já geere, ẹ ti mọ̀ pé ọpọlọ ò níṣòro.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ mú un lọ yẹ ojú ẹ̀ wò kó tó di pé ẹ ṣe nǹkan mìíràn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, ẹ ní kí wọ́n yẹ etí náà wò. Ọmọ tí kò rí bọ́ọ̀dù látẹ̀yìn máa ń wá nǹkan tó wà nítòsí ṣe, nóòtù ẹ̀ ló sì wà nítòsí. Mi ò sọ pé òun ló ń ṣe é o, mo ní kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Lẹ́yìn náà ẹ gbé ipò 27 yẹn sápá kan, kò sọ nǹkan kan fún yín, ẹ mú máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde. Ó lè jẹ́ pé ìṣirò nìkan ló fà á sẹ́yìn, tàbí ìwé kíkà, ojútùú ọ̀kan ò sì jọ ti èkejì. Nílé, kó pa ìwé dé kó tó dáhùn. Àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, fi hàn ní 2006 pé ẹni tó ń ka ìwé ní àkàtúnkà máa ń mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, àmọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó pa ìwé dé tó gbìyànjú àtirántí ẹ̀ ló máa ń mọ̀ jù. Kó máa ya ohun tó kà náà: àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà rí i ní 2016 pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá yà ní àwòrán máa ń dúró lórí ju èyí tó kàn kọ sílẹ̀ lọ, bí àwòrán náà tiẹ̀ rí játijàti. Gbogbo èèyàn ló rí bẹ́ẹ̀ fún, kì í ṣe ọmọ olójú nìkan. Ọmọ yín kàn ti ní irinṣẹ́ náà lọ́wọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ olódo yẹn, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ lọ bá hẹdimísírẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe ní géètì o, ẹ lọ sí ọ́fíìsì, ẹ bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ní kí ọmọ má ju 35 lọ fún tíṣà kan ní pírámárì, kíláàsì yín ò tíì kọjá ẹ̀, àmọ́ 34 ṣì pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó ti rẹ tíṣà náà. Kò ní kó bú ọmọ. Tí wọ́n bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí tó tún ń bú u lẹ́yìn táàmù kan, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má bi mí mọ́.

Tó bá di yíyọ náà, ẹ wá ibòmíràn ní mainland níbí. Láti Ṣómólú dé Lekki ní àárọ̀, lórí Third Mainland, aago mélòó lọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ jí? Oorun wákàtí 9 sí 12 ni ọmọ tó bá tó bẹ́ẹ̀ nílò, orí dánfó ló máa ti sun èyí tó kù. Ilé ìwé yòówù kẹ́ ẹ bá yọjú sí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú yín yípo swimming pool àti yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kí wọ́n kó nóòtù ọmọ márùn-ún wá láti kíláàsì kan náà, iṣẹ́ kan náà, ọjọ́ kan náà. Tí ohun tó wà nínú márààrún bá bára mu délẹ̀délẹ̀, títí dórí ibi tí kọ́mà wà, ohun tí ẹ ń sá fún nílé ló wà níbẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin lẹ sì máa san lé e lórí.